Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: káyáàkì láàárọ̀, òkè yanrìn lọ́sàn-án ní Walvis Bay, ṣé ọjọ́ kan gbà á?

Àdùkẹ́_Jozi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́ mo ń wá ẹni tó ti dé Namibia rí, pàápàá Walvis Bay, ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dé ibẹ̀ o, kì í ṣe ẹni tó wo fídíò, torí èmi náà ti wo fídíò títí ojú fi ń ta mí.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Jo'burg lèmi àti ọkọ mi ń gbé, ó máa pé ọdún 45 lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti sọ fún un pé lọ́tẹ̀ yìí a ò ní se ìrẹsì, a ò ní pe ẹnikẹ́ni, a kàn máa jáde lọ síbì kan ni. Mo wá rí tọ́ọ̀ kan tó jẹ́ pé wọ́n á wá gbé yín láàárọ̀, ó di ibì kan tí wọ́n ń pè ní Pelican Point, ẹ ó wọ káyáàkì, ìyẹn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ elérò méjì tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín wà lórí òkun láàárín àwọn síìlì (ẹran inú òkun tó tún máa ń sùn sórí yanrìn), tó bá wá di ọ̀sán ẹ ó bọ́ sínú jíìpù, ó di Sandwich Harbour (mo rẹ́rìn-ín títí sí orúkọ yẹn, mo ní ṣé búrẹ́dì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ ni), níbi tí òkè yanrìn aṣálẹ̀ ti lọ pàdé òkun. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ó wù mí gan-an o. Àmọ́ ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ rárá, ọmọ Ìbàdàn ni, omi tó mọ̀ jù láyé ẹ̀ ni odò Ògùnpa, ó sì ń sá fún òun náà. Ìyá ọkọ mi tún ti wá kí wa láti ilé, wọ́n ti pé 68, wọ́n ní àwọn ò ní dá jókòó sílé kí àwa wá lọ máa jayé, "ibi tẹ́ ẹ bá ń lọ ni mò ń lọ" lọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀yìn sì máa ń dùn wọ́n nígbà míì. Ṣé kí n pín in sí ọjọ́ méjì ni, àbí kí n fi ọ̀kan sílẹ̀? Tó bá jẹ́ ọ̀kan, èwo? Ẹ má bínú pó gùn.

Títí_Leeds

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí o. Mo ti ṣe é, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, oṣù kẹjọ ni, méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Kí n sọ tòótọ́, ó rẹ̀ mí débi pé apá mi ò fẹ́ gbé ṣíbí mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò kìlọ̀ ẹ̀ fún mi ni òtútù. Téèyàn bá ti gbọ́ aṣálẹ̀, oòrùn ló máa ń rò, mo wá kó ṣòkòtò péńpé lọ bí òmùgọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kùrukùru ti bo gbogbo ìlú, a ò rí iwájú, ó tutù ju ọyẹ́ lọ, èmi tí mò ń gbé Leeds tí mo rò pé mo mọ òtútù. Ẹ kó súwẹ́tà, ẹ kó fìlà tó bo etí, kẹ́ ẹ wọ aṣọ léra-léra torí tó bá fi máa di ọ̀sán lórí yanrìn ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà Pelican Point fúnra ẹ̀ tó ìran wò. Ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe iyọ̀, adágún ńláńlá, omi inú àwọn kan pupa bíi sóbò tí wọ́n bomi là, àwọn ẹyẹ fìlàmíńgò dúró sínú ẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, ẹyẹ òfú náà ń bẹ níbẹ̀ (ẹyẹ òfú inú Bíbélì yẹn o, ojú mi ló fi rí i, ẹnu ẹ̀ dà bí àpò tí wọ́n fi ń ra ọjà). Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀nà tán, ó ku yanrìn, òkun lọ́tùn-ún, òkun lósì, àárín ẹ̀ là ń gbà lọ títí a fi dé ibi ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, 1932 ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Síìlì wá ńkọ́. Imú wa ló kọ́kọ́ rí wọn kí ojú tó rí wọn, òórùn yẹn kì í ṣe kékeré, ká tó sọ ti ariwo. Ẹ ronú ọjà àgbò nígbà tó ku ọ̀la Iléyá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ké. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sùn sórí yanrìn, ojú bíi ti ajá, irun imú bíi ti bàbá àgbà, wọ́n wá ń fi àyà wọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dì sínú àpò ìrẹsì. Àmọ́ tí wọ́n bá ti wọ omi báyìí, hẹn, ẹ ò ní mọ̀ pé àwọn náà ni. Àwọn ọmọdé wọn ló burú jù, wọ́n á wá látẹ̀yìn, wọ́n á fẹnu di etí àjẹ̀ yín mú, wọ́n á máa fà á, tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ wọ́n á ti gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, wọ́n á yọ lódì kejì, wọ́n á máa wò yín bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù.

Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n ṣá o. Gáìdì wa tẹnu mọ́ ọn dáadáa, eyín wọn kì í ṣe eyín eré, lọ́dún 2024 sì rèé wọ́n rí àrùn dìgbòlugi lára irú síìlì yìí kan náà létí òkun Cape Town lọ́hùn-ún. Ọ̀kan wà tí okùn àwọ̀n apẹja ti wọ̀ lọ́rùn, ó ti gé e wọnú ẹran, kò bá àwọn yòókù ṣeré. Gáìdì ní àwọn kan wà, Ocean Conservation Namibia lorúkọ wọn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi àwọ̀n gán irú ẹ̀ kí wọ́n bá a gé okùn náà kúrò. Ìyẹn ṣì ń wá sí mi lọ́kàn.

Ti ọ̀sán, mo jẹun yó, àṣìṣe ni. Ṣe ni mo bì. Dírẹ́bà á gun òkè yẹn, imú ọkọ̀ á kọjú sí ojú ọ̀run, sánmà nìkan lẹ máa rí, ó wá dúró gẹ́lẹ́ lórí téńté, ó ní ṣé ẹ ti ṣetán, a ò tíì dáhùn ó ti ń lọ. Yanrìn abẹ́ wa sì ń ké o, ó ń kùn bí ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lókè, mo rò pé ọkọ̀ ló bà jẹ́, wọ́n ní yanrìn tó ń yọ̀ lórí ara wọn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú mágínẹ́ẹ̀tì jáde, ó fi gba orí yanrìn, nǹkan dúdú lẹ̀ mọ́ ọn bí irun, irin ni. Àwọn ibì kan tiẹ̀ pọn bí àlùkò, ó ní òkúta iyebíye kékeré tí wọ́n ń pè ní garnet ni.

Tí mo bá tún máa lọ, ọjọ́ kan náà ni màá ṣe é. Àmọ́ Mọ́mì, mi ò mọ̀ o, jẹ́ kí àwọn míì sọ̀rọ̀.

BabaTáyé_Ìkòròdú

Ó yà mí lẹ́nu. Òkun wà ní Badagry, yanrìn wà ní Badagry, ẹ tún fẹ́ lọ fi owó ọ̀kẹ́ àìmọye wa ọkọ̀ fúnra yín. Ẹni tó bá san owó, ṣebí òun ló yẹ kí wọ́n wa ọkọ̀ gbé.

Eléyìí náà kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìwé ìrìnnà Mọ́mì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba fíísà Namibia, ìyẹn ẹ ti mọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé fíísà South Africa tí Mọ́mì fi wọlé, tó bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan péré ni, bí wọ́n bá ti jáde lọ sí Namibia báyìí ó ti tán nìyẹn, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n padà wọ Jo'burg. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Windhoek ló há sí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, hòtẹ́ẹ̀lì ló ń san lójoojúmọ́. Ẹ tún má gbàgbé káàdì yẹ́lò fífà, wọ́n máa ń bi ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá.

ỌmọÌlàjẹ_OjúOkun

Bàbá Táyé ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ọjọ́ ìbí ni.

Àbúrò mi Àdùkẹ́, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi náà ni mò ń ṣe, ọkọ̀ wa ti dúró ní èbúté Walvis Bay tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kẹta tá a dúró ni èmi àti àwọn ọmọkùnrin méjì kan gba àyè ọjọ́ kan, a ní ká lọ wa káyáàkì. Mo ń yọ àwọn yẹn lẹ́nu lójú ọ̀nà pé ẹ wò ó, ẹ máa wo ọmọ Ìlàjẹ lónìí. Ẹ̀yin èèyàn, kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi wọ omi. Kì í ṣe wíwọ ọkọ̀ o, inú omi gan-an.

Ìdí ẹ̀ ni pé káyáàkì ò jọ ọkọ̀ tiwa. Ọkọ̀ tiwa, èèyàn lè dúró lórí ẹ̀, ká fi ọ̀pá tì í, ká fi àjẹ̀ wà á lápá kan. Èyí, ìdí ẹ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀rẹ́bẹ́, ẹsẹ̀ ẹ nà sí iwájú, àjẹ̀ yẹn lórí méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, ọwọ́ ẹ á máa yí bí ẹni tó ń lọ nǹkan. Mo fi ìgbéraga gbìyànjú láti dìde kí n ya fọ́tò. Òun nìyẹn. Omi yẹn, bíi digírì 14, 15 ló máa ń wà, ó gba èémí lẹ́nu mi, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ló gbé mi sókè, gáìdì dé láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ní kí n di ọkọ̀ mú, kí n má lúwẹ̀ẹ́ lọ síbì kankan. Torí náà mo fẹ́ kí bọ̀dá mọ̀ pé èmi tí mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ni mo ṣubú, àwọn méjì tí wọn ò mọ̀ ọ́n jókòó jẹ́jẹ́, kódà bàtà wọn ò tutù. Ẹni tó bá jókòó tí kò jà, ọkọ̀ yẹn kì í ṣàdéédéé dojú dé. Inú ọ̀sà ni wọ́n sì ti ń wà á, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ Pelican Point yẹn ló dínà mọ́ ìgbì òkun ńlá, kì í ṣe ojú agbami ni wọ́n ń gbé yín lọ.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é ṣá o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sí ọ̀sán. Atẹ́gùn ibẹ̀ ní àsìkò tiẹ̀, tó bá ti ń di ọ̀sán ló máa ń dìde láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, tó bá sì ti dé báyìí, wíwà padà máa di iṣẹ́ àṣekára.

Àti òtútù tí àbúrò mi ti Leeds sọ yẹn, òkun náà ló fà á. Òkun tiwa gbóná, tiwọn látọ̀nà ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé ló ti ń ṣàn gòkè wá, Benguela lorúkọ ìṣàn náà. Ó tutù débi pé ó ń fún wọn ní kùrukùru, kò fún wọn lójò. Òjò tó ń rọ̀ ní Walvis Bay lọ́dún kan gbáko kò tó mìlímítà 20, ní Èkó ìyẹn lè rọ̀ láàárín wákàtí kan kẹ́ ẹ tó rí ọ̀nà délé. Ìyẹn ni aṣálẹ̀ àti òkun ṣe ń gbé ilé kan náà. Yanrìn yẹn náà, odò Orange ló gbé e wá sókun láti ọ̀nà jíjìn, òkun gbé e lọ sí àríwá, atẹ́gùn wá ń kó o padà sórí ilẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Mo dúró lórí òkè yẹn mo ń ronú ilé, torí ní Àyétòrò tiwa òkun ló ń jẹ ilẹ̀, ó ti gbé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ, ilé ìwé tí mo lọ náà ti wà lábẹ́ omi. Níbẹ̀ yẹn ẹ̀wẹ̀, òkun ló ń fún wọn ní yanrìn.

Mẹkáníìkì_Swakop

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ọdún kẹfà mi rèé ní Swakopmund, bíi kìlómítà 35 sí Walvis Bay, jíìpù làwa ń tún ṣe, ìlàjì àwọn tó ń gbé èèyàn lọ Sandwich Harbour ni mo mọ inú ọkọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ torí ó sọ ti atẹ́gùn, kò sọ ti òkun tó ń kún tó ń fà.

Sandwich Harbour wà ní bíi kìlómítà 50 sí gúúsù Walvis Bay. Ní ìparí ẹ̀, ibi tó gbajúmọ̀ nínú fọ́tò yẹn, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ògiri yanrìn wà lọ́wọ́ òsì, ó gùn ju ilé alájà púpọ̀ lọ, ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì kò ju kí mọ́tò kan kọjá nígbà míì. Ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn nìkan lọ̀nà yẹn wà. Tó bá kún, kò sí ọ̀nà, omi ti kan ògiri, dírẹ́bà á ní láti gba orí òkè lọ, ó lè má tiẹ̀ dé ibi tẹ́ ẹ ń fọkàn sí. Àkókò tí òkun ń fà sì ń yí lójoojúmọ́, bíi ìṣẹ́jú 50 ló fi ń pẹ́ sí i ju ti àná lọ, tó bá fà laago mẹ́sàn-án àárọ̀ lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bíi aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán ló máa fà.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí. Atẹ́gùn ní káyáàkì gbọ́dọ̀ jẹ́ àárọ̀. Tí òkun bá tún lọ fà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, méjèèjì ti pàdé, tẹ́ ẹ bá fi máa parí káyáàkì, òkun ti ń kún padà, ẹ máa gun òkè yanrìn lóòótọ́ àmọ́ ẹ ò ní gba etí òkun. Wọ́n á gbé yín lọ náà, wọn ò ní dá owó padà, wọn ò sì purọ́ torí ohun tí wọ́n kọ ni "tó bá ṣe é ṣe". Ìbéèrè kan péré ni kẹ́ ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: lọ́jọ́ yẹn, aago mélòó ni òkun máa fà? Tí wọ́n bá ní bíi aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán, ọjọ́ kan gbà á dáadáa. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́jọ, mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ sún un síwájú tàbí kẹ́ ẹ pín in sí ọjọ́ méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lórí fóònù, ẹ fi sílẹ̀, ẹ pe ẹlòmíì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ yín ní òun lè rẹ́ńtì jíìpù kóun wà á fúnra òun o. Mo mọ àwọn ọkùnrin. Yàtọ̀ sí pé inú ọgbà ìjọba ni, Namib-Naukluft, èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, yanrìn kì í ṣe ilẹ̀. Táyà tó bá le, ihò ló ń gbẹ́ fún ara ẹ̀. Wọ́n máa ń yọ afẹ́fẹ́ ẹ̀ kúrò, láti bíi 32 lórí géèjì bọ́ sí bíi 14, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ ràkúnmí. Tó bá ń gòkè kò gbọdọ̀ dẹ eré, tó bá ń sọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ bíréèkì lójijì, gíà ló fi ń dá a dúró, tààrà ló sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ̀gbẹ́ sọ̀ máa yí gbiri. Lọ́dún kan àwọn kan rẹ́ńtì mọ́tò tuntun, wọ́n wọ́ ọ gba etí òkun, ó rì, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì wa yanrìn, òkun ń bọ̀. Nígbà tá a fi máa débẹ̀, orí mọ́tò nìkan la rí. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ wà lórí òkè yanrìn, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó.

Ti Mọ́mì. Ẹ má gbé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lọ sórí òkè yanrìn yẹn, ẹ má jẹ́ ká tanra wa. Kì í ṣe pé wọ́n máa ṣubú, wọ́n máa fi bẹ́líìtì dè wọ́n, àmọ́ jíjà tí ọkọ̀ yẹn ń jà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í gba aláboyún tàbí ẹni tí eegun ẹ̀yìn ń dà láàmú rárá. Pelican Point ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, wọn ò ní wọ omi, inú jíìpù ni wọ́n á jókòó sí pẹ̀lú tíì gbígbóná, síìlì máa sùn síwájú wọn níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń gba ẹni tí kò fẹ́ wa káyáàkì, owó ẹ̀ yẹ kó dín.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé, ráńdì tẹ́ ẹ bá gbé wá, wọ́n ń ná an níbí, ọ̀kan sí ọ̀kan pẹ̀lú dọ́là Namibia. Àmọ́ ẹ má gba ṣéńjì dọ́là Namibia dé Jo'burg, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Ó jọ mí lójú, torí Walvis Bay yìí South Africa ló ń ṣàkóso ẹ̀ títí di 1994, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Namibia gba òmìnira.

Àdùkẹ́_Jozi

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á fún yín. Mo pe ilé iṣẹ́ méjì. Ti àkọ́kọ́, mo bi wọ́n aago mélòó lòkun máa fà, ọmọbìnrin yẹn ní kí n má ṣèyọnu, "ó máa dára". Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ti èkejì, ó ní kí n mú sùúrù, ó yẹ ìwé wò, ó ní ọjọ́ ìbí gan-an aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ni, ó tiẹ̀ ní tó bá jẹ́ òun ni òun ò ní ṣe méjèèjì lọ́jọ́ yẹn. Tá a bá sún un lọ sí ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, aago méjì ọ̀sán. Mo ti sanwó ọjọ́rú yẹn. Lọ́jọ́ ìbí gan-an màá ra kéèkì, ká jókòó sílé.

Bàbá Táyé, ẹ ṣé gan-an sà, fíísà Mọ́mì ẹlẹ́ẹ̀kan ni o!! Mi ò bá ti kó wọn sí wàhálà. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n wá ní ṣé ẹran yẹn ń já èèyàn jẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó lè jáni jẹ. Wọ́n ní kí n wá fi fídíò ẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní irú ìyẹn kì í ṣe nǹkan téèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò, pé kẹ́ ẹ bá àwọn kí ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Pretoria máa wá bá wọn gbé fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, wọ́n ti ń pète ohun tí wọ́n máa jọ sè.

Ọkọ mi náà ka gbogbo ẹ̀. Ibi tí ọmọ Ìlàjẹ ti ṣubú ló kà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun á lọ, òun ò sì ní dìde. Ó ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n ní ọ́yísítà tútù àti wáìnì ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ lórí yanrìn lọ́sàn-án. Ọkọ mi ò ní jẹ ohun tí iná ò kàn. Ṣé wọ́n máa bínú tá a bá gbé móínmóín tiwa dání? Ilé tá a gbà sí ní ibi ìdáná, ibẹ̀ ni màá ti sè é láàárọ̀ kùtù.

ỌmọÌlàjẹ_OjúOkun

Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Ọ́yísítà Walvis Bay dára o, ẹ sọ fún bọ̀dá pé kó tọ́ ọ wò pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Àmọ́ ẹ gbé móínmóín.

Títí_Leeds

Kò sẹ́ni tó máa bínú. Kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Akátá ń gbé Pelican Point, wọ́n ń rìn káàkiri láàárín àwọn síìlì ní ọ̀sán gangan, wọn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. A gbé báàgì oúnjẹ sílẹ̀ lórí yanrìn ká tó wọ káyáàkì, ọ̀rẹ́ mi ní ta ló máa jí i níbí. Nígbà tá a fi máa wa ọkọ̀ padà, ọ̀kan ti fà á lọ sẹ́yìn jíìpù, ó ti jẹ sáńdíwíìṣì tán, ó dojú kọ bísíkíìtì, ó ń wò wá bí àwa la wá jalè. Inú jíìpù ni kẹ́ ẹ fi móínmóín sí o, kẹ́ ẹ sì gbé gíláàsì sókè tán pátápátá.

Mẹkáníìkì_Swakop

Ṣé eléwé ni àbí alágolo? Tó bá jẹ́ eléwé, ẹ bá mi fi méjì pamọ́.